Orísun dátà wo ni kí n gbé ìjábọ̀ kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ lé?

Ọmọ Òkè-Fíà béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi. Mo wà lára àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ ayánilówó kan tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Òkè-Fíà níhìn-ín ní Òṣogbo, tí ó sì ní ẹ̀ka ní Ẹdẹ, ní Ìkìrun, ní Ìwó àti ní Iléṣà. Láti ìgbà tí Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni ọkàn àwọn ọ̀gá wa kò ti balẹ̀ mọ́, nítorí pé àkọsílẹ̀ owó àwọn oníbàárà ló wà lórí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Ọ̀gá àgbà wá ní kí n máa fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí òun ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ó sọ iye kọ̀ǹpútà tí a ní, iye tó ṣì wà lórí Windows 10, iye tó lè gba Windows 11, àti iye tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ pátápátá.

Ohun tó dà mí láàmú ni ibi tí n óò ti mú àwọn nọ́ńbà náà. Active Directory, ìwé orúkọ àwọn kọ̀ǹpútà àti òṣìṣẹ́ tó wà lórí sáfà wa, fi orúkọ kọ̀ǹpútà bí 210 hàn mí. Intune, iṣẹ́ Microsoft tí a fi ń bójú tó ẹ̀rọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò nígbà tí a gba Microsoft 365, fi nǹkan bí 160 hàn. Ìwé àkọsílẹ̀ dúkìá tí ẹ̀ka ìṣirò owó ń tọ́jú nínú Excel ní nǹkan bí 190. Iye wọn kò dọ́gba, orúkọ inú wọn pàápàá kò sì bára mu, nítorí pé ohun tí ìwé dúkìá pè ní kọ̀ǹpútà káńtà kejì ní Ẹdẹ ni Active Directory ń fi lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀ pè.

Mo lè mú Intune nìkan, torí pé ojú ewé ìjábọ̀ rẹ̀ mọ́ lójú, kí n sì fi í ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá ìṣirò owó bá béèrè ibi tí 30 tó kù nínú ìwé tirẹ̀ wọlé sí, n kò ní èsì. Ẹ jọ̀wọ́, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí n fi ṣe ìpìlẹ̀? Ṣé ó sì bójú mu kí n pa wọ́n pọ̀?

Àgbà Ẹ̀rọ Ògo-Olúwa dáhùn pé:

Àbúrò mi, o kú ìpalẹ̀mọ́. Ó dára tí o dúró béèrè kí o tó fi nọ́ńbà kankan ránṣẹ́. Mo rọ̀ ọ́ kí o fi ìbéèrè nípa èyí tó tọ̀nà sílẹ̀ ná, nítorí ó ṣeé ṣe kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tọ̀nà. Bí ènìyàn bá wọ agboolé kan tí ó sì béèrè iye àwọn tó ń gbé ibẹ̀, baálé ilé yóò ka àwọn ọmọ tó wà ní Èkó mọ́ ọn, ìyàwó ilé tó ń dáná yóò ka kìkì àwọn tí yóò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ohun tí Active Directory ń sọ fún ọ ni àwọn ẹ̀rọ tó ti dara pọ̀ mọ́ domain yín (àkójọ ẹ̀rọ tí sáfà ń darí) rí, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì pa orúkọ wọn rẹ́. Ohun tí Intune ń sọ ni àwọn ẹ̀rọ tí a forúkọ wọn sílẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì ṣì ń bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí ìwé dúkìá ń sọ ni àwọn ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ fi owó rà, tí kò sì tíì yọ kúrò nínú ìwé. Ọ̀gá yín rò pé ohun kan ṣoṣo ni òun béèrè, ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, orísun kan ṣoṣo kò sì lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí Active Directory, nítorí òun ló ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù. Active Directory kì í gbàgbé ohunkóhun fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá tún Windows gbé sórí kọ̀ǹpútà kan ní Iléṣà tí ẹ sì fún un ní orúkọ tuntun, orúkọ àtijọ́ yóò wà níbẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi pa á rẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kan ṣoṣo á di méjì nínú kíkà. Èyí nìkan lè ṣàlàyé ọ̀pọ̀ nínú 210 tí o rí. Bí o bá fẹ́ mọ àwọn tó ṣì wà láàyè, àwọn ibi méjì ló wà tí o lè wò. Èkíní ni lastLogonTimestamp, àkọsílẹ̀ ìgbà tí ẹ̀rọ wọlé gbẹ̀yìn, tí ó máa ń lọ káàkiri gbogbo domain controller (àwọn sáfà tó ń darí domain), ṣùgbọ́n tí a kì í tún un kọ lójoojúmọ́: bí a bá fi í sílẹ̀ bí Microsoft ṣe tò ó, ó lè fi ọjọ́ 9 sí 14 pẹ́ ju òótọ́ lọ. Ẹ̀rọ tí ó ní òun wọlé gbẹ̀yìn ní ọjọ́ méjìlá sẹ́yìn lè jẹ́ èyí tí wọ́n lò láàárọ̀ yìí. Má ṣe fi lastLogon rọ́pò rẹ̀, nítorí pé lastLogon kì í kúrò lórí domain controller tó kọ ọ́. Bí ẹ bá ní sáfà méjì, sáfà kìíní lè sọ pé ẹ̀rọ kan ti kú nígbà tí ìkejì rí i lánàá. Ibi kejì ni pwdLastSet, nítorí pé kọ̀ǹpútà inú domain fúnra rẹ̀ máa ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ní ọjọ́ 30 sí 30 bí kò bá sí ẹni tó yí i padà. Ẹ̀rọ tí ibi méjèèjì bá ti lé ní ọjọ́ 60 ni mo máa ń gbà pé ó yẹ ká wádìí, kì í ṣe pé ká pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ní àwọn ẹ̀ka wa níhìn-ín, kọ̀ǹpútà kan lè wà ní pípa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nítorí iná, nítorí epo jẹnẹrétọ̀ tàbí nítorí pé ẹni tó ń lò ó wà ní ìsinmi ìbímọ, tí kò sì sí ohun tó ṣe é.

Intune ní àbùkù tó yàtọ̀ sí èyí. Òun máa ń gbàgbé. Bí ẹnì kan bá ti tan òfin tí ń palẹ̀ àwọn ẹ̀rọ tí kò yọjú mọ́, ẹ̀rọ tó bá pẹ́ kó tó wọlé yóò kúrò lójú ewé rẹ, kò sì ní sọ fún ọ pé òun ti yọ ọ́. Lọ wo òfin yẹn kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Aago tirẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo: kọ̀ǹpútà Windows máa ń yọjú sí i ní nǹkan bíi wákàtí 8 sí 8, ṣùgbọ́n ìwífún nípa ara ẹ̀rọ, bí iye ààyè tó ṣẹ́ kù lórí dísìkì, máa ń di tuntun ní ọjọ́ 7 sí 7. Ènìyàn á rí i pé ẹ̀rọ náà yọjú láàárọ̀, á sì rò pé gbogbo ohun tó wà ní ìlà rẹ̀ jẹ́ ti àárọ̀ yẹn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ló gbà ń gbọ́ ìròyìn, kò nílò wáyà olú ilé iṣẹ́. Láptọ́ọ̀pù àwọn òṣìṣẹ́ yín tó ń lọ gba owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà káàkiri ọjà lè lo oṣù méjì láìfojú kan domain controller, kí Active Directory sì máa kà á mọ́ òkú, nígbà tí Intune ń rí i lójoojúmọ́.

Ní ti pé Windows 10 ni tàbí Windows 11, nọ́ńbà build (nọ́ńbà ẹ̀dà Windows) ni kí o gbára lé, má gbára lé orúkọ. Windows 11 ṣì ń pe ara rẹ̀ ní 10.0 gẹ́gẹ́ bí Windows 10. Ẹni tó bá fi 10.0 ṣe àyọkà yóò kó méjèèjì pọ̀. Ohun tó ya wọ́n sọ́tọ̀ ni pé láti 22000 lọ sókè ni Windows 11, nígbà tí Windows 10 tó gbẹ̀yìn, 22H2, jẹ́ 19045. Bí o bá sì ní script (àkójọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà) àtijọ́ tó ń ka ProductName nínú registry (ibi tí Windows ń kọ ètò rẹ̀ sí), jù ú nù, nítorí pé lórí Windows 11 gan-an yóò máa kọ Windows 10 fún ọ.

Èyí tó kù ni àwọn tó lè gba Windows 11. Active Directory kò mọ nǹkan kan nípa èyí, ìwé dúkìá kò sì lè sọ ọ́ bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan kọ irú processor sínú rẹ̀. Microsoft béèrè fún TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò inú kọ̀ǹpútà), ìrántí 4 GB, ààyè 64 GB, Secure Boot (ààbò ìgbà tí ẹ̀rọ ń tàn), àti processor tó wà nínú ìwé tiwọn, èyí tó jẹ́ pé ní ti Intel, láti ìran kẹjọ lọ ni ọ̀pọ̀ jù lọ. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ wa ń rà kò dé ìran kẹjọ. Fún àwọn ẹ̀rọ inú Intune, lọ sí Endpoint analytics, kí o ṣí Work from anywhere, yóò sọ èyí tó yẹ àti ìdí tí èyí tí kò yẹ kò fi yẹ. Fún àwọn tí kò sí nínú Intune, Microsoft ní script kan tí wọ́n pè ní HardwareReadiness.ps1, o lè fi Group Policy (ètò tí sáfà fi ń pàṣẹ fún àwọn ẹ̀rọ) mú kí ó ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá tàn, kí o sì jẹ́ kí èsì rẹ̀ máa bọ́ sínú fódà kan lórí sáfà. Rántí pé èsì tó ní kò sí TPM lè jẹ́ pé ó wà ṣùgbọ́n wọ́n pa á nínú BIOS (ètò ìpìlẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tàn). Kọ àwọn yẹn sọ́tọ̀, nítorí iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọn, wọn kò yẹ ní ẹ̀rọ tí a ń bá ìgbìmọ̀ olùdarí sọ owó ìpààrọ̀ rẹ̀.

Ní kúkúrú, fi ìwé dúkìá ṣe ìpìlẹ̀ iye, fi Intune sọ ipò ẹ̀rọ, kí o sì fi Active Directory wá àwọn tí méjèèjì fò.

Oníṣirò Alẹ̀kúwódò dáhùn pé:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi kì í ṣe oníkọ̀ǹpútà, ìwé owó ni iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n irú ìjábọ̀ báyìí máa ń dé orí tábìlì mi, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí nọ́ńbà tí kò péye ń ná ilé iṣẹ́. Microsoft ṣì ń ta ìmúdójúìwọ̀n ààbò fún Windows 10 fún àwọn ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́, fún ọdún mẹ́ta tó pọ̀ jù. Owó ọdún kìíní jẹ́ dọ́là 61 fún kọ̀ǹpútà kan, ó sì ń di ìlọ́po méjì ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá wọlé ní ọdún kejì yóò san ti ọdún kìíní pẹ̀lú. Bí a bá lo 210 ti Active Directory, a ó máa fi dọ́là sanwó fún ẹ̀rọ tí a ti tà tàbí tí a ti fi fún ilé ìwé. Bí a bá lo 160 ti Intune, àwọn ẹ̀rọ kan yóò wà ní káńtà láìní ààbò, kò sì ní sí ẹni tó mọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fara mọ́ ọn pé ìwé dúkìá ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀, nítorí òun nìkan ló mọ kọ̀ǹpútà tó ṣì wà nínú páálí ní yàrá ìkẹ́rùpamọ́, òun nìkan ló sì mọ ọjọ́ tí a rà á àti iye tó kù lórí rẹ̀.

Ẹ má fi orúkọ kọ̀ǹpútà so ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Nọ́ńbà serial ni kí ẹ lò. Orúkọ ń yí padà, ibi tí ẹ̀rọ wà ń yí padà, ẹni tó ń lò ó ń yí padà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sí i kò ní yí. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ọwọ́ ni a fi kọ èyí tó wà nínú ìwé dúkìá. Ẹnì kan lè kọ lẹ́tà O sí ibi tó yẹ kí ó kọ òdo. Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì bá dé, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀ ni àwọn tó ń gba ẹrù sábà máa ń kọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú wọn kọ́kọ́ dé, nígbà tí Intune ń ka ti àpótí. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ tí kò bára mu rárá láàárín ìwé méjèèjì, ẹ ní kí ẹnì kan lọ wo mọ́nítọ̀ náà kí ẹ tó kéde pé ẹ̀rọ sọnù, nítorí pé orúkọ òṣìṣẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yẹn nínú ìwé wa, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó sọnù kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún un.

Olùtò Dátà Ìgbọ̀nà dáhùn pé:

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin àgbà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ ọ́ pé n kò gbà pé ìwé dúkìá lè jẹ́ ìpìlẹ̀ ní gbogbo ilé iṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo yìí, ìgbà tí àwọn ọ́dítọ̀ bá ń bọ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣí ìwé náà. Ìwé tí a kò fọwọ́ kàn láti ọdún tó kọjá kò lè sọ iye tí a ní lónìí. Ohun tí èmi ń wò kí n tó gba orísun kankan gbọ́ ni ọjọ́ tí a tún un ṣe gbẹ̀yìn àti ẹni tó pọn dandan fún láti tún un ṣe. Bí kò bá sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò dúró bí ìwé náà bá pa irọ́, ìwé náà yóò pa irọ́.

Nítorí náà, ẹ wá ẹlẹ́rìí tí kò fara ti àwọn yòókù. Ẹ kò lè bi Intune léèrè àwọn ẹ̀rọ tí Intune kò rí, ohun tí kò gbára lé e ni yóò sọ fún yín. Bí ẹ bá ní antivirus tó ní ojú ewé àbójútó, ẹ mú orúkọ tó wà níbẹ̀. Ẹ mú àkọsílẹ̀ DHCP (ètò tó ń pín àdírẹ́sì fún ẹ̀rọ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) láti orí ráútà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, nítorí pé kọ̀ǹpútà tó bá gba àdírẹ́sì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín wà níbẹ̀, yálà ó wà nínú ìwé tàbí kò sí. Fóònù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yóò dà pọ̀ mọ́ ọn, ó sì máa ń gba sùúrù kí a tó yọ wọ́n, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí àwọn ẹ̀rọ tí òṣìṣẹ́ fúnra wọn gbé wá láti ilé.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún èyí tí mà Oníṣirò sọ nípa nọ́ńbà serial. Òótọ́ ni pé òun ló dára jù, ṣùgbọ́n àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò ní ṣọ́ọ̀bù kì í sábà ní in. Windows yóò ka ohun tó wà nínú BIOS, ohun tí ẹ ó sì rí ni "To be filled by O.E.M." tàbí "Default string", lórí ẹ̀rọ mẹ́wàá tàbí ogún lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá so àtẹ méjì pọ̀ lórí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ mẹ́wàá níhà kìíní àti mẹ́wàá níhà kejì yóò bí ìlà ọgọ́rùn-ún, ìjábọ̀ yín yóò sì wú láìnídìí. Fún àwọn wọ̀nyí, àdírẹ́sì MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀) ti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà nínú ẹ̀rọ ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti èyí tí a ń kì bọ USB, tí ènìyàn lè gbé láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn.

Ọmọ Òkè-Fíà dáhùn pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá lọ́wọ́ mà fún ọ̀rọ̀ mọ́nítọ̀ yẹn. Mo ti lọ wo ìwé wa, àwọn nọ́ńbà mélòó kan ní Ìwó jọ ti mọ́nítọ̀ lóòótọ́. Òfin ìpalẹ̀mọ́ Intune náà wà ní títàn, n kò sì mọ ẹni tó tàn án.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ béèrè ni bí n óò ṣe gbé e kalẹ̀. Ọ̀gá àgbà fẹ́ Power BI, irinṣẹ́ Microsoft tí a fi ń ṣe ìjábọ̀ alátẹ àti alàwòrán. Ẹnì kan nínú ilé iṣẹ́ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n so ó tààrà mọ́ àwọn orísun náà kí nọ́ńbà lè máa yí padà lójú ẹsẹ̀ nígbàkígbà tí ọ̀gá bá ṣí i. Ṣé ohun tó yẹ nìyẹn?

Àgbà Ẹ̀rọ Ògo-Olúwa dáhùn pé:

Mo gba ọ̀rọ̀ Olùtò Dátà wọlé. Bí ìwé dúkìá bá ti pẹ́, ẹ kọ́kọ́ lọ ka ẹ̀rọ ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó fi ìwé náà ṣe ohunkóhun. Ilé iṣẹ́ tó ní olú ilé iṣẹ́ àti ẹ̀ka mẹ́rin lè parí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ti ìsopọ̀ tààrà, má ṣe é. Orísun tó ń di tuntun ní ọjọ́ 7 sí 7 kò lè di ojú ẹsẹ̀ nítorí pé a ṣí i lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́. Bákan náà, bí ìjábọ̀ bá ní láti mú nǹkan láti orí sáfà tó wà ní Òkè-Fíà, Power BI yóò nílò gateway (ètò tó ń gbé dátà láti ọ́fíìsì lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì) tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kan ní ọ́fíìsì yín, ní gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ wo nọ́ńbà. Ní ọjọ́ tí iná bá lọ tí inverter sì rẹ̀, ojú ewé òfìfo ni ọ̀gá yóò rí níwájú ìgbìmọ̀. Kó dátà náà wọlé lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ní òru tàbí ní àárọ̀ kùtù, kí ìjábọ̀ máa jẹ́ ti ohun tí a ti kó wọlé. Ìwé àṣẹ Pro pàápàá gba ìgbà 8 lóòjọ́, ẹ kò nílò tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo kà sí pàtàkì ju Power BI lọ ni pé kí o máa tọ́jú ẹ̀dà. Active Directory, ojú ewé Intune àti Excel yín, ohun tó wà báyìí ni gbogbo wọn ń sọ. Bí ìgbìmọ̀ bá béèrè ní oṣù Kẹfà pé báwo ni ọ̀rọ̀ ti rí ní oṣù Kìíní, kò sí èyí tó lè dá wọn lóhùn. Intune ní Data Warehouse tó ń ya àwòrán ipò àwọn ẹ̀rọ lójoojúmọ́, tí Power BI sì lè kà, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ tó wà nínú Intune nìkan ló mọ̀. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù, ya gbogbo àtẹ rẹ sọ́tọ̀, kọ ọjọ́ sí orúkọ fáìlì rẹ̀, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án mọ́. Kíyè sí aago pẹ̀lú: ìgbà UTC (aago àjùmọ̀lò àgbáyé) ni Microsoft Graph (ọ̀nà tí ètò mìíràn fi ń ka dátà Intune) àti Data Warehouse ń kọ, tiwa sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ tó yọjú ní aago méjìlá ààbọ̀ òru ọjọ́ kìíní oṣù yóò bọ́ sínú oṣù tó kọjá bí o kò bá yí i padà.

Oníṣirò Alẹ̀kúwódò dáhùn pé:

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó gbé e sórí Power BI, ẹ wo àwọn òpó tó ń bọ̀ láti Intune. Orúkọ ẹni tó wọlé gbẹ̀yìn àti àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀ máa ń tẹ̀ lé ẹ̀rọ náà wá. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 béèrè pé ohun tí iṣẹ́ náà nílò nìkan ni kí a mú nínú ìwífún ènìyàn. Ìgbìmọ̀ olùdarí nílò iye, ẹ̀ka àti owó, wọn kò nílò orúkọ ẹni tó jókòó sí káńtà kejì. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ fún àtẹ tí ẹ̀yin fúnra yín fi ń wá ẹ̀rọ.

Ọmọ Òkè-Fíà dáhùn pé:

Ó ti yé mi báyìí, mo sì ti bá ọ̀gá mi sọ ọ́. Ẹ̀ka Ìwó àti Ìkìrun ni a ó kọ́kọ́ kà, a ó sì máa ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára àpótí dípò kí a máa fi ọwọ́ kọ ọ́. Mo ti pa òfin ìpalẹ̀mọ́ Intune títí kíkà náà yóò fi parí. Ìjábọ̀ àkọ́kọ́ yóò ní ìlà márùn-ún: àwọn tó ti wà lórí Windows 11, àwọn tó lè gbà á, àwọn tí a kàn ní láti tan TPM wọn, àwọn tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀, àti àwọn tí a kò tíì mọ ipò wọn. Ọ̀gá mi kọ́kọ́ fẹ́ kí n yọ ìlà karùn-ún kúrò kí ìgbìmọ̀ má baà bínú, ṣùgbọ́n mo fi ìṣirò dọ́là 61 tí mà ṣe hàn án, ó sì ti gbà kí ó wà níbẹ̀. Orísun tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti wá àti ọjọ́ tí a kó o wọlé yóò wà lábẹ́ rẹ̀.

Olùtò Dátà Ìgbọ̀nà dáhùn pé:

Ó dára bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dé Ìkìrun, ẹ bá mi wo orí ráútà wọn iye ọjọ́ tí DHCP fi ń tọ́jú àdírẹ́sì kí ó tó gbà á padà. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ mú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán, nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ wà lórí ìjókòó.